Apá Kejì Fíìmù Tí A Dá Dúró

Ìka tí ìyàwó mi fi dá fíìmù náà dúró ní epo ẹja lára. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọjọ́ ìkẹyìn wa nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, nínú yàrá wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú. Ó ń ṣa egungun kúrò lára ẹja yíyan sínú abọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára kọ̀ǹpútà mi tí mo gbé lé orí tábìlì kékeré. A ti ń retí apá kejì fíìmù yẹn láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún. A kò tíì wò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tó wo aago, tó na ọwọ́, tó sì tẹ bọ́tìnnì.

"Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ò ní dúró dè mí," ó ní. "Ẹ má dá wò ó o. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ó jọ parí ẹ̀."

"Tí mo bá wò ó ńkọ́?"

"Ẹ ò ní gbádùn ẹ̀. Ta ló máa sọ ọ́ fún yín?"

"Mo ti gbọ́ òyìnbó báyìí."

"Òyìnbó lẹ gbọ́," ó ní, ó ń fọ ọwọ́. "Ẹ ò tíì gbọ́ ẹ̀rín."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé ẹ̀wà tó wà lórí iná, ó sì lọ. Mo gbàgbé ẹ̀wà náà. Ó jó.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń kàwé ní èdè Faransé. Mo wá sí Ìkòròdú nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgbògbò. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ. Mo sọ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mo ní ìlú òkèèrè kọ́, a kàn máa kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè ni.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíìfù díẹ̀." Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún un sọ.

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ ò gbọ́ ṣíìfù? Kẹ́ ẹ sún díẹ̀ ni. Níbo lẹ ti wá?"

Mo sọ ibi tí mo ti wá. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín sí ohùn mi. Ẹ̀rín ìkà kọ́. Obìnrin náà tilẹ̀ fún mi ní ẹ̀pà jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbolóhùn mi wò kí n tó jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èdè ìyá rẹ̀ ti di àlejò, bó ti wù kí ẹnubodè súnmọ́ tó.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà láàárín ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, bí òkúta nínú ìrẹsì. Nínú ìpàdé àwọn olùkọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, n ó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá dákẹ́. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Mọ̀síyọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Inú kíláàsì nìkan ni mo ti gbọ́n. Tí aago bá ti lù, ọgbọ́n náà tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń pe ìyá mi.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi."

Lẹ́yìn náà n ó wọlé, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, nítorí pé bí mo bá bọ́ bàtà, ó túmọ̀ sí pé n kò ní ibi kankan tí mo tún ń lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wá kiri tí mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní fíìmù ní Itamaga. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jókòó níbẹ̀, ó wé ìborùn, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Rísíkátù ni orúkọ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àǹtí Rísì. Ó bi mí ohun tí mo ń wá. Mo ní mo fẹ́ fíìmù tí mo lè fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wo táì ọrùn mi, ó wo bàtà mi, ó fa fíìmù kan yọ. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí kò wọ ṣòkòtò ló wà lára páálí rẹ̀.

"Ẹ mú èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀."

Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kò pa yín lẹ́rìn-ín rárá?"

"Rárá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó."

Ó fi fíìmù náà sí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta ti búra pé àwọn gbọ́dọ̀ mọ obìnrin kí àwọn tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn ti purọ́ pé òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àwọn méjì yòókù sì ní kó wá kọ́ àwọn. Ó wá ń wá ibi tí òun náà ti máa kọ́ ọ. Ó rí pátákó kan níwájú ilé ìwòsàn tó sọ pé kíláàsì tọkọtaya wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó wọlé, ó mú bírò àti ìwé dání. Kíláàsì àwọn aláboyún ni. Àwọn obìnrin oníkùn ńlá yí i ká, nọ́ọ̀sì kan gbójú sókè, ó bi í pé, "Ìyàwó rẹ dà?"

"Ọmọ yẹn wá ní," Rísì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, "'Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì fẹ́ ẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá di àyè mú, kí ibí má lọ kún.'"

N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kétu. Omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí fíìmù náà dé ibi tó burú, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń bọ́ aṣọ, ó fa etí ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú mi. Ojú tèmi ló bò, kì í ṣe tirẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Ẹ dúró ná. Tíṣà ò gbọ́dọ̀ rí i."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tí a lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti fi mí han ìyá rẹ̀, ìyá náà bi í níṣojú mi pé kí ló rí lára àjòjì tí kì í ṣe mùsùlùmí, tí ohùn rẹ̀ tún rí báyìí. Ó ní, "Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé òpin." Ìyá rẹ̀ wò mí, ó wá ní kí wọ́n fún mi ní omi.

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ Rísì, tí mo sì di ará Itamaga. Ó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń tajà, ìgbà tó yẹ kí n bínú àti ìgbà tó jẹ́ eré. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níta, yóò tún un sọ lẹ́yìn mi bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Níwájú àwọn èèyàn, "ẹ" ló máa ń pè mí. Nínú ilé náà, "ẹ" ni, àyàfi tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Fóònù dé, àwọn èèyàn kò yá fíìmù mọ́, Rísì ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì bọ́ sídìí òwò ìyá rẹ̀. Ó ń lọ kó ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó ń yan án, ó ń tà á fún àwọn ará àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí fíìmù yẹn lọ. Ó kéré tán, a máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Aládùúgbò wa, Ìyá Tọ́lá, opó tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa, máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó ní òun kò wá wo fíìmù, òun wá gbọ́ Rísì ni.

Ní ọdún kan tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo dá fíìmù náà wò. Gẹ̀ẹ́sì mi ti dára nígbà náà. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó bi ọmọ náà pé ìyàwó rẹ̀ dà. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ rírùn kan ṣoṣo, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Mo wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ọdún wọ̀nyẹn tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó dé, mo ní, "O ti ń purọ́ fún mi."

Ó gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀. "Mi ò purọ́. Mo tún un ṣe ni. Ṣé ẹ rí i? Fíìmù yẹn ò dáa tó bẹ́ẹ̀."

A kò bímọ. A lọ síbi tó yẹ ká lọ, a gba àdúrà nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Ní ọdún tí a pinnu pé a kò ní lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, mo rò pé kò ní fẹ́ rí kíláàsì aláboyún yẹn mọ́ láé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fíìmù náà sí i. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ náà bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n máa ń fún ẹni tó bá wá lọ́pọ̀ ìgbà jù lọ ní ẹ̀bùn. Ìyá Tọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú kúrò lórí àpótí. Rísì náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó di etí abọ́ mú gírígírí.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀wà jó, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la. Fóònù mi gbọ̀n nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń pè láti Ẹ̀pẹ́.

"Tíṣà, ẹ máa bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Wọ́n ní ó sọ pé orí ń fọ́ òun. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ẹja rẹ̀ nínú ọjà, ó bèèrè omi. Ẹni tó lọ bu omi kò pẹ́. Àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, òun náà ti ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Wọ́n dúró dè mí kí wọ́n tó sin ín. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹní, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú ìrìn." Mo dá a lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé ń sọ̀rọ̀ nípa oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin máa ń jókòó ṣọ̀fọ̀ nílé bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ti ọkùnrin ńkọ́.

"Ti ọkùnrin ò sí," ó ní. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Ẹ lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́la tí ẹ bá fẹ́."

Mo lọ síbi iṣẹ́. Bóyá ká ní wọ́n sọ iye ọjọ́ fún mi, ǹ bá mọ ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ mi yóò tán.

Ìyá mi ti darúgbó báyìí, ó sì máa ń pariwo lórí fóònù bí ẹni pé òdìkejì odò ni mo wà. "Padà wálé. Kí ló kù fún ọ níbẹ̀?"

Mo ní n ó rò ó. Mo ti rò ó. Ìgbà tí mo lọ sí Kétu gbẹ̀yìn, mo ní kí àwọn ọmọ àbúrò mi ṣíìfù díẹ̀. Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí ní Ará Èkó. Ní Itamaga, àjòjì ni ohùn mi. Ní Kétu náà, ó ti di àjòjì. Ibì kan ṣoṣo tí n kò ti jẹ́ àlejò ni àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rísì. N kò lè ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá mi lórí fóònù.

Ní Sátidé kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Àmì ìka Rísì ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ó ti gbẹ, ó ń dán. Mo fi ẹnu bírò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n má bàa nù ún.

Ohun tó bi mí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kí fíìmù náà tó bẹ̀rẹ̀, ni pé, "Ṣé ẹ rò pé ìkejì yìí máa dùn tó ti àkọ́kọ́?" N kò dá a lóhùn nígbà náà. Ìdáhùn mi rèé: kò dùn tó o. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ti di àgbàlagbà, wọ́n ti yọkùn, wọ́n padà sí ilé-ìwé wọn àtijọ́ láti tún ṣe ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà. Àwàdà kan náà ni, wọ́n kàn ń pariwo rẹ̀. Wọ́n ń tètè bọ́ aṣọ. Ọmọdé tó ń ṣe ìṣekúṣe ní ìkọ̀kọ̀ ń pani lẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n máa ká òun mọ́. Àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kò sí bàbá tó máa ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Àwọn ni bàbá.

Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ìyẹn, mo mọ̀ pé ìdájọ́ mi kò tọ́. Fíìmù àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kò dùn tó èyí tí mo wò. Èyí tí mo wò kò sí lórí àwo fíìmù kankan. Ó ti wọlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Mo fara dà á dé ìdajì. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tó purọ́ nínú fíìmù àkọ́kọ́ ti sáré wọ ilé ìwòsàn yẹn, kíláàsì yẹn kan náà, òógùn bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nínú mọ́tò níta, ó sì ti gbàgbé ibi tó gbé mọ́tò sí. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ṣì wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbójú sókè.

"Ìyàwó rẹ dà?"

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. N kò ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá Tọ́lá ló wá kan ilẹ̀kùn. Ó ti ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi láti ìgbà yẹn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró.

"Tíṣà. Rísì sọ fún mi kó tó lọ pé ìkejì ti dé. Ẹ ti wò ó?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn, Ìyá Tọ́lá."

"Ta ló sọ ọ́ fún yín tẹ́ ẹ fi mọ̀?"

Ó lọ. Mo rò pé ó ti tán. Nígbà tó padà dé, ó gbé àpótí rẹ̀ dání, ó gbé e sí ibi tó máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀, ó sì jókòó.

"Mi ò lè sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́," mo ní.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀? Ogójì ọmọ lẹ ń kọ́ nínú kíláàsì, èmi nìkan lẹ ò lè kọ́?"

Mo dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, láìyọ, láìfikún. Ìyá Tọ́lá fọwọ́ lẹ́rán.

"Tíṣà, ṣé ìròyìn lẹ ń kà ni? Ta ló kú nínú fíìmù?" Bó ti sọ ọ́ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ forí jì mí."

"Kò sí nǹkan," mo ní, a sì ń wò ó lọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ, n kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ìyá Tọ́lá fa etí ìborùn tirẹ̀, ó fi bo ojú ara rẹ̀, ó ní kí n sọ fún òun tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ padà.

A dé ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà sáré wọlé. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

"Kí ló bi í?"

"Ó ní, 'Ìyàwó rẹ dà?'"

"Hẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá dá a lóhùn?"

Ọ̀rọ̀ rírùn kan náà ni ọkùnrin yẹn sọ, ó sì dákú. Mo na ọwọ́, mo fi ìka mi dá fíìmù náà dúró, lórí àmì epo yẹn gan-an. Ìyá Tọ́lá ń wo ẹnu mi.

"Ó dá a lóhùn pé," mo ní, "'Ó ní kí n máa lọ ná, nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n bá òun di àyè mú.'"

Ìyá Tọ́lá lu itan. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àpótí ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ó fi etí ìró nu ojú. Ẹ̀rín náà tán, ó ṣì ń nu ojú.

"Ẹ máa bá a lọ," ó ní.

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo bá a lọ. Mo sọ ọ́ fún un dé òpin.